Ọmọbìnrin Kílò Mẹ́ta

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Alátùn-únṣe. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà lára káàdì tó máa ń gbé kọ́rùn, ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó pé tó dé ọ́fíìsì wa, kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Bí ilẹ̀kùn bá ń han, á kán epo sí i. Bí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì bá ń mì, á kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn, á máa fi òòlù kàn án. Aago ara ògiri tó ti kú láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, ó gbé e sọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ó sì ń rìn títí di òní. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o ò lè rí nǹkan tó bàjẹ́ kó o gbójú kúrò ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ̀mí, ọwọ́ ló ń yún mi."

Màmá Fáìlì ni gbogbo ilé ìwòsàn mọ̀ mí sí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ nílé ìwòsàn àwọn abiyamọ, láti ayé bébà àti gọ́ọ̀mù títí dé ayé kọ̀ǹpútà. Ẹnu mi mú, n kò ní purọ́. Kò sí nọ́ọ̀sì tí n kò tíì fi ṣẹ̀fẹ̀ rí níbẹ̀, títí kan ọ̀gá wọn. Ẹnu kan náà yìí ni mo fi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Àwọn èèyàn ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí kiri bíi pé òun nìkan ló jẹ̀bi, ó sì ń dùn mí wọra. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ ọ́ fúnra mi kí n tó fẹ̀yìn tì.

Aránṣọ ni ìyá tó bí i. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, máṣíìnì ìránṣọ kan ṣoṣo ló sì ń bọ́ ìyá, òun àti àbúrò rẹ̀ méjì. Máṣíìnì náà ti gbó ju ìyá tó ń lò ó lọ. Bó bá kọṣẹ́ láàárọ̀, kò ní sí oúnjẹ lálẹ́. Bí ọmọ náà ṣe kọ́ láti máa tún un ṣe lórí ìrìn nìyẹn: ẹsẹ̀ ìyá ṣì wà lórí pẹ́dáàlì, abẹ́rẹ́ ṣì ń lọ sókè-sódò, ọmọ á ti na ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agolo òróró, á so ohun tó tú, á dá ohun tó yọ padà sí àyè rẹ̀. Ó fi àpá rẹ̀ hàn mí ní ìka ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní kò sí ohun tóun bẹ̀rù láyé tó ẹ̀rọ tó dúró.

Ẹ̀rọ tó ń dúró ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ gbà á síṣẹ́. Ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa nígbà yẹn, àwọn tó ṣe é fún wa ti kógbá wọlé, a ò mọ ibi tí wọ́n wọ̀ sí. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju kí fáìlì di fáìlì lọ́wọ́ mú lọ. Fáìlì ìyá di ti ọmọ mú, ti ọmọ di ti ìyá mú, ti ọmọ tún di káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára mú. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́jú nígbà tí akọ̀wé ń kọ nǹkan lọ́wọ́, tàbí tí èèyàn méjì bá jọ fọwọ́ kan fáìlì kan náà, ọwọ́ á já. Ẹ ó wá rí ọmọ tí kò níyàá, ẹ ó rí ọmọ kan ṣoṣo tó ní ìyá méjì. Bí ètò náà bá ti kan irú fáìlì bẹ́ẹ̀, á dákú, ilé ìwòsàn á sì dákú tẹ̀lé e. Àwọn ìyá á tò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ á máa ké, àwa akọ̀wé á ká ọwọ́ gbera.

Alátùn-únṣe kò fẹ́ dá a dúró kó tó tún un ṣe. Ó kọ ètò kékeré kan tó ń gbé inú ètò ńlá. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ètò kékeré yìí á dìde, á yẹ gbogbo fáìlì wò láti òkè délẹ̀, á fi wọ́n wé òfin tí ó kọ fún un. Èyí tó bá òfin mu, á fò ó. Èyí tí kò bá a mu, á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ títí á fi bá a mu, láìjẹ́ kí iṣẹ́ dúró, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tó bá já, á so ó padà. Ohun tó bá sọnù pátápátá, á fi èyí tó wọ́pọ̀ jù dí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà á kọ ìlà kan sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé báyìí-báyìí lòun ṣe, á sì padà sùn.

Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ òfin, ta ló sì mọ òfin fáìlì ju Màmá Fáìlì lọ? Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú bébà àti bírò, tó ń bi mí bí ọmọ iléèwé.

"Mọ̀mí, ṣé ọmọ kan lè ní nọ́ńbà méjì?"

"Kí ló fẹ́ fi ìkejì ṣe? Rárá."

"Ṣé obìnrin kan lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan?"

"Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọkọ ló dákú, ìyàwó ló ń fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá bi mí léyìí tó kàn. "Ṣé a lè rí ìyá tí fáìlì rẹ̀ sọ pé ó ti bímọ, kí fáìlì ọmọ má sì sí lábẹ́ rẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Nínú ètò ńlá yẹn, kò sí ibi tí a ti lè kọ ọ́ pé ọmọ kú. Ẹni tó ṣe é kò rò ó débẹ̀. Ọ́fíìsì mìíràn ló ń ṣe ìwé ikú, ó sì máa ń gbà tó oṣù méjì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Láàárín ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù ìyá pé ẹ kú oríire, ẹ gbé ọmọ wá ká wò ó. Mo fojú mi rí ìyá kan tí irú rẹ̀ bá lórí bẹ́ǹṣì iwájú mi. N kò fẹ́ ròyìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwa akọ̀wé mú un ṣe àṣà: bí ọmọ bá kú, kí wákàtí kan tó kọjá, a ti pa fáìlì rẹ̀ rẹ́. Òfin iṣẹ́ kò gbà wá láyè, nítorí náà a kì í sọ ọ́ síta. Akọ̀wé tuntun tó bá dé, etí la ti ń kọ́ ọ.

Èsì ìbéèrè rẹ̀, nígbà náà, ni bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn wa, ó ń wá fọ́ọ̀mù kan. Bí mo bá là á mọ́lẹ̀ níṣojú rẹ̀, iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ló máa bọ́. Ǹ bá sọ pé kó jẹ́ ká jọ sọ ọ́ tó bá yá. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ìwọ náà! O ti rí obìnrin tó bímọ tí kò bímọ rí?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá nọ́ọ̀sì náà rín tirẹ̀. Alátùn-únṣe kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin: ìyá tó bá ti bímọ gbọ́dọ̀ ní ọmọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi balẹ̀, n kò tilẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀.

Ètò kékeré náà ṣiṣẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Èrò dínkù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ètò ńlá kò dákú mọ́ rárá, àwọn ọ̀gá sì wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àràárọ̀ ló ń ka ìwé ìrántí ètò náà, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Nígbà tó yá, ìlà náà di ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, gbogbo rẹ̀ sì dára lójú rẹ̀, ó bá fi í sílẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù kẹrin, obìnrin kan tó ń ta bàtà dúró síwájú mi, ó na fóònù rẹ̀ sí mi láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá fún abẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ ti kú. Mo ṣí fáìlì rẹ̀, mo bá ọmọ níbẹ̀: obìnrin, kílò mẹ́ta. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé mi ló gbàgbé. Mo pa á rẹ́, mo bẹ obìnrin náà. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹlòmíràn dé. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin tó ń ta bàtà tún padà wá, fóònù tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ara ti fu mí nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi Alátùn-únṣe pé kí ló ń dá àwọn ọmọ yìí padà, á bi èmi náà pé ta ló ń pa wọ́n rẹ́. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo dákẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó kéré lára, ohùn rẹ̀ tutù, "ẹ" ló sì fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bíi pé àná ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọdún méje ni wọ́n fi wá ọmọ. Nígbà tí oyún dé, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá fún àyẹ̀wò, bó bá sì ṣe tán, á wá jókòó tì mí. Mo máa ń ní, "Ìyàwó mi, ikùn yìí ti ń gba àyè fáìlì o." Á rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ bo ikùn. Ó ti fún ọmọ inú náà lórúkọ, á máa pè é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí kò bá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ra bẹ́ẹ̀dì ọmọdé àlòkù kan, ó tú u, ó tún un tò, ó fi sáńpépà fá a títí igi rẹ̀ fi ń dán.

Ọkùnrin ló bí, ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mímí ló nira fún un. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ọmọ náà kú. Ìyá ń sùn nígbà náà, wọ́n ti fún un lóògùn, nígbà tó sì jí, àwọn àgbà ní kó má ṣe rí i, pé yóò le jù fún un. Wọ́n ti gbé e lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀, aránṣọ, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ: "Ọmọ mi, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìyàwó náà kọjú sí ògiri. Ó ní, "Mọ̀mí, omi yẹn ni mo fẹ́."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ọmọ mi ló bí i. Mo sì ṣe ohun tí mo mọ̀ pé ó jẹ́ àánú. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo ṣí fáìlì rẹ̀, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má bàa ka ohun tí wọ́n kọ nípa ọmọ náà, mo fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Mo rántí obìnrin tó ń ta bàtà, ṣùgbọ́n mo ní bóyá tirẹ̀ kò ní padà, fóònù kò sì ní dún sí i létí. Mo fẹ́ràn ìyàwó yẹn. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó wọlé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Sílípáàsì tí wọ́n fi ń wẹ̀ ló wọ̀, ọṣẹ ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé fóònù síwájú mi.

"Ẹ kú oríire o. Ọmọ yín obìnrin pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára."

Ó ní, "Mọ̀mí, ọmọ mi wà láàyè. Obìnrin ni."

Mo ní, "Ìyàwó mi, jókòó ná."

"N kò jókòó. Ẹ ṣí fáìlì mi."

Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Mo ní bó bá rí i pé kò sí ọmọ níbẹ̀, á gbà. Ọmọ wà níbẹ̀. Obìnrin, kílò mẹ́ta, láàyè. Ó ti yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí n tó lè dí i, ó sì fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀.

Ó ní, "Èyí tí wọ́n ní ó kú, n kò fojú rí i. Wọ́n ní ọkùnrin ni. Ìwé tiyín ní obìnrin ni. Wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ mi, Mọ̀mí. Ó wà nínú ilé yìí."

Kí n tó yọ lẹ́yìn tábìlì, ó ti wọ wọ́ọ̀dù lọ. Ó ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹjú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó ń bi àwọn ìyá pẹ̀lú ohùn tútù yẹn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ bí èyí?" Àwọn obìnrin ń gbá ọmọ wọn mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ fà á jáde, mo ní tó bá fọwọ́ kàn án, màá gbá a létí. Wọ́n sáré lọ pe ọkọ rẹ̀.

Ó wá, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó wo fáìlì náà. Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ yẹn ni pé òun náà gbà á gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀. Fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń gbé omi mì, ọkùnrin yẹn ní ọmọbìnrin kan láyé. Ó ní, "Ẹ dúró dè mí, màá wo ẹni tó ṣí fáìlì yìí," ó sì sáré lọ sí yàrá rẹ̀. Mo tẹ̀lé e.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti rí ìlà náà nínú ìwé ìrántí ètò kékeré. Ó dúró, kò jókòó. Ìlà náà ní: ìyá yìí ti bímọ, kò sí ọmọ lábẹ́ rẹ̀, a ti ṣe ọmọ kan, obìnrin, kílò mẹ́ta, láàyè. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò náà ti fi èyí tó wọ́pọ̀ jù dí àyè gbogbo. Ó fi obìnrin sí i, nítorí pé obìnrin ló pọ̀ jù lọ́dún yẹn. Ó fi kílò mẹ́ta sí i, nítorí pé àwọn ọmọ tó wọn ìwọ̀n náà ló pọ̀ jù. Ó fi láàyè sí i, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè fi síbẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ìlà yẹn sẹ́yìn, títí dé ọjọ́ àkọ́kọ́. Mọ́kànlélógójì ni ìyá tí ètò náà ti ṣe ọmọ fún. Gbogbo ọmọ náà jẹ́ obìnrin, gbogbo wọn kílò mẹ́ta. Lóṣù tó tẹ̀lé e, kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ogójì yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ fún wọn. Àwọn kan ṣépè fún un, àwọn kan fún un lómi mu. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn, ọ̀kan péré ló ń rò.

Ó ní, "Mọ̀mí, fáìlì ọmọ mi gangan dà?"

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àṣà wa, obìnrin tó ń ta bàtà, ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn. Mo sọ ọ́ tán, n kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ó wá ní, "Mo bi yín nígbà yẹn, Mọ̀mí." Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká wulẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀rọ ṣàṣìṣe, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, kò ní gbà á. Á ní mò ń bo ilé ìwòsàn láṣìírí. Á máa wá ọmọ yìí kiri títí tá a fi máa darúgbó." Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe dá a. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kò sí."

A mú ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá náà, a fi àga sí i nídìí. Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba.

Ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn, èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Ètò tí mo kọ ló ṣe é. Mo pa á láṣẹ pé bí ìyá bá bímọ tí kò sí ọmọ lábẹ́ rẹ̀, kó fi ọmọ kan síbẹ̀ kí iṣẹ́ má bàa dúró. N kò mọ̀ pé wọ́n ń yọ àwọn ọmọ tó kú kúrò. Wọ́n yọ ọmọ wa, ètò mi sì fi òmíràn dí àyè rẹ̀. Kò sí níbì kankan. Kò fìgbà kan mí rí."

Ìyàwó náà wò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò gbọ́ kó pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni."

"Irọ́ lò ń pa, kí n lè lọ sílé."

Ọkọ rẹ̀ gbé ìwé ìrántí náà síwájú rẹ̀, ó ní kó kà á. Ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Obìnrin, kílò mẹ́ta. Obìnrin, kílò mẹ́ta. Obìnrin, kílò mẹ́ta. Nígbà tó dé ìkẹtàdínlógún, ohùn rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kò kà mọ́. Mo kúnlẹ̀ ní tèmi, pẹ̀lú eékún tó ń ro mí yìí, mo sọ ipa tèmi fún un. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Mọ̀mí?" Kò ní kí n dìde. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí mo fi dìde fúnra mi.

Ìyàwó náà kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Tèmi gangan ńkọ́? Èyí tí mo bí? Ibo lẹ kọ ọ́ sí?"

Kò sí ibì kankan. Ibi tí a ó kọ ọ́ sí ni ọkọ rẹ̀ fi gbogbo ọ̀sán yẹn ṣe. Ó ṣí òfin tó kọ látẹnu mi, ó pa á rẹ́, ó kọ òmíràn: ìyá lè bímọ, kí ọmọ náà má sì sí láàyè. Ó ṣe àyè tuntun sínú fáìlì fún ọmọ tó wá tó sì lọ, fóònù kankan kò sì ní dún nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó wá ṣí fáìlì fún ọmọkùnrin rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pe orúkọ tó ti ń pe ikùn, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì, ọkọ sì ń tẹ̀ ẹ́. N kò ní kọ ọ́ síbí, tiwọn ni.

Wọ́n dé ibi ìwọ̀n. Àwọn méjèèjì wò mí. Èmi tí mo ṣí fáìlì náà kẹ́yìn, mo ti gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "N kò kà á." A pe agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí rẹ̀, ó ní inú kọ̀ǹpútà nìkan lòun kọ ọ́ sí, kò sì rántí. Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé ibẹ̀ títí, ó mú ọwọ́ kúrò, ó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo.

Fáìlì méjì ló wá wà lábẹ́ orúkọ ìyá náà, ti ọmọkùnrin náà àti ti ọmọbìnrin kílò mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ láti pa ìkejì rẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Má fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo máa ṣe é." Ó wo bọ́tìnnì tí ọkọ rẹ̀ fi hàn án. "Ṣé kò ní padà wá?"

"Kò ní padà. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ètò yẹn máa dìde, á wò yíká. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ó parí nìyẹn."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin náà kúrò níbẹ̀. A jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ń wo àyè tó wà. Lóde, wọ́n ń pe nọ́ńbà àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ń ké, ẹnì kan ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyàwó náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì, kò ṣẹ́jú. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, ètò náà dìde, ó yẹ gbogbo fáìlì wò láti òkè délẹ̀, ó sì kọ ìlà kan sínú ìwé ìrántí rẹ̀: kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ọkọ rẹ̀ fẹ́ pa kọ̀ǹpútà náà. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i."

A sì dúró, títí wọ́n fi pe nọ́ńbà tó kẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.